Oògùn wo ló ń dí ìbínú ọ̀nà èémí? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi ẹranko ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ásímà

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní Lọ́kọ́ja ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá kí mi ní Kàbà nínú ọyẹ́ tó kọjá, eruku ọ̀nà Ọ̀bàjánà ti sọ irun orí ẹ̀ di ti bàbá àgbà, kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni kí n fi ṣe kọ́ńtíróòlù?" Pírójẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ wò ó bóyá orógbó lè dáàbò bo ọ̀nà èémí ẹranko tí wọ́n ti fi nǹkan tí ara ẹ̀ kọ̀ sọ di alásímà, súpáfáísọ̀ ẹ̀ sì ti sọ fún un pé kò sí bó ṣe máa dán orógbó wò láìfi oògùn gidi kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè fi wé e. Mo ní èwo lo ti ń rò? Ó ní dexamethasone, sítẹ́rọ́ìdì kan. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun náà ni gbogbo àwọn tó ṣe é ṣáájú òun lò.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín o, torí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi, salbutamol, oògùn inú ìnhélà aláwọ̀ búlúù, ni mo rí nínú ìwé ẹni tó ṣáájú mi, mo kọ ọ́ wọlé bẹ́ẹ̀, mo fún ẹranko, mo wá wọn ìbínú ọ̀nà èémí wọn ní ọjọ́ kejì, oògùn tí mo gbé kalẹ̀ bí ọ̀gá ò ṣe nǹkan kan rárá, ó dà bíi pé omi ni mo fún wọn. Odindi ìdajì ọdún wọlé lọ. Oògùn náà ò jẹ̀bi, èmi tí mi ò bi í ní ìbéèrè tó mọ ìdáhùn ẹ̀ ni mo jẹ̀bi.

Kí la tiẹ̀ fẹ́ dí gan-an?

Ìyá mi ni mo fi ṣàlàyé fún ọmọ yìí torí ìyá àgbà ẹ̀ ni, ó mọ ọ̀rọ̀ ikọ́ fée ẹ̀ dáadáa. Lọ́dún kan màmá wọ inú àká lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó fẹ́ gbá ibẹ̀, kó tó gbá a tán àyà ẹ̀ ti ń súfèé. Ó fa ìnhélà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò pẹ́ ó rọlẹ̀, ó tiẹ̀ tún padà lọ gbá ìyókù, ẹ mọ àwọn ìyá wa. Àfi bó ṣe di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí eruku níbì kankan, abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí, àyà tún bẹ̀rẹ̀ sí í há, èyí sì le ju ti àárọ̀ lọ, ìnhélà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, èéfín gàrí tí wọ́n ń yan ní ojúlé kẹta, òtútù ìdájí, ẹ̀rín lásán pàápàá, kíá ló ti ń wúkọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ìtàn yẹn. Ti àárọ̀ ni híhá àkọ́kọ́: nǹkan tí ara kọ̀ bà lé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní mast cell, wọ́n tú histamine àti leukotriene àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jáde, ọ̀nà èémí fún pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń tú sílẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Ti ìrọ̀lẹ́ ni híhá kejì, ó máa ń dé ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, pàápàá eosinophil, ti ya wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ti gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń pè ní ìbínú: ọ̀nà èémí ti di oníkanra, nǹkan tí kò tó nǹkan fún ẹlòmíì ló ń mú un fún pọ̀. Ní láàbù, methacholine la fi ń wọn ìbínú yìí. Kò sí ọ̀fun tí methacholine ò ní fún tó bá pọ̀ tó, ohun tí à ń wò ni bí èyí tó kéré jù tó máa fún un ṣe kéré tó. Fún èèyàn, ìwọ̀n tó bá mú kí atẹ́gùn tí wọ́n ń fẹ́ jáde fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni ìbínú ṣe pọ̀ tó.

Ẹni tó bá ti mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòun fẹ́ dí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan oògùn tán. Ẹni tó bá kàn sọ pé òun fẹ́ dí ásímà, ibi tí mo wà lọ́jọ́ yẹn ló wà.

Salbutamol rèé, cromolyn rèé

Àwọn méjì yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn torí wọ́n jọ ara wọn lójú ẹni tí kò mọ̀: fífà símú ni méjèèjì, kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lo lè lò ó, méjèèjì ló sì ń dí híhá àkọ́kọ́. Salbutamol, tó jáde lọ́dún 1969, ẹran ara ọ̀nà èémí ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé kó rọ̀. Cromolyn ò rọ nǹkan kan. Tí ọ̀nà èémí bá ti há kó o tó fún un ní cromolyn, o ti pẹ́ dé. Ohun tí cromolyn ń ṣe ni pé ó ń mú mast cell lọ́wọ́ kó má tú ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ń pa àwọn iṣan kan lẹ́nu mọ́ níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ wá hàn kedere nínú iṣẹ́ tí Cockcroft àti Murdock ṣe ní Saskatoon ní Kánádà, tó jáde ní 1987. Èèyàn mẹ́wàá ni, kì í ṣe ẹranko, àmọ́ èmi ò tíì rí ìfiwéra tó mọ́ lójú tó o. Wọ́n fún wọn ní oògùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó fa nǹkan tí ara wọn kọ̀ sínú. Salbutamol dí híhá àkọ́kọ́, ó tán síbẹ̀, híhá kejì dé, ìbínú náà dé. Beclomethasone, tí í ṣe sítẹ́rọ́ìdì, ò lè dá àkọ́kọ́ dúró, àmọ́ ó dí ìkejì, ó sì dí ìbínú. Cromolyn dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí mo bá ní kí n kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ sórí Wasáàpù fún ọmọ yìí:

Salbutamol: àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ni, ìkejì rárá, ìbínú rárá.
Sítẹ́rọ́ìdì ẹ̀ẹ̀kan: àkọ́kọ́ rárá, ìkejì bẹ́ẹ̀ni, ìbínú bẹ́ẹ̀ni.
Cromolyn: bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, tó bá ti ṣáájú.

Ẹ wá rí ìdí tí ẹranko mi ò fi ṣe bí mo ṣe fẹ́. Mo fún wọn ní oògùn híhá àkọ́kọ́, mo wá lọ wọn ìbínú ọjọ́ kejì.

Ẹni tó bá ka ìlà kẹta yẹn máa ní ó dáa, kí n kúkú mú cromolyn. Dúró ná. Àkọ́kọ́, kì í pẹ́ lára, wákàtí díẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún èèyàn. Ìkejì, tó o bá gbé e mì, ìfun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á wọlé, nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọ ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó di dandan kó o fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ kí ẹranko fà á, ìyẹn ni pé o nílò nẹbuláísà tó dáa àti iná tí kì í lọ. Ìkẹta, ó máa ń yan ẹranko. Lára eku ńlá, mast cell gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa. Lára èkúté funfun kékeré, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Tó o bá fi cromolyn ṣe ọ̀gá fún èkúté, tí kò sì ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ sọ fún àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ ẹ wò?

Mi ò lè kọjá cromolyn láìsọ bí wọ́n ṣe rí i. Ewéko kan tó ń jẹ́ Ammi visnaga, tí wọ́n ti ń lò látijọ́ ní ìhà Íjíbítì, ló ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní khellin, ìdí khellin yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi dé ibi cromolyn ní 1965. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà, Roger Altounyan, òun fúnra ẹ̀ ní ásímà, ara ẹ̀ sì kọ irun gíníì-pìgì. Ohun tó ń ṣe ni pé á lo oògùn tuntun tí wọ́n bá gbé fún un, á wá fa omi tí wọ́n fi irun gíníì-pìgì sè sínú, á máa wọn bí àyà ẹ̀ ṣe há. Àìmọye ìgbà ló ṣe é. Gbogbo ayé ń fi èèyàn sínú ọkàn dán oògùn wò lára gíníì-pìgì, òun ń fi gíníì-pìgì dán oògùn wò lára èèyàn. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní "Àǹtí, ẹ ò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ o." Mo ní rárá o, ìyá ẹ á gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọba.

Sítẹ́rọ́ìdì: dexamethasone àti àwọn ará ẹ̀

Tí ìbínú bá ni ìbéèrè ẹ, sítẹ́rọ́ìdì ni ọ̀gá, kò sí àríyànjiyàn. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń lọ bá jíìnì níbi tó wà, ó ń pa àwọn tó ń pe eosinophil wá, ìdí nìyẹn tó fi ń gba wákàtí kó tó ṣiṣẹ́, tí kò sì lè ran ẹni tí àyà ẹ̀ ń há lọ́wọ́lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Lára èkúté, dexamethasone mílígíráàmù kan fún kílò ara kan, wákàtí kan kó tó fa funfun ẹyin (nǹkan tí wọ́n ti kọ́ ara ẹ̀ láti kọ̀), ni ọ̀pọ̀ láàbù ń lò, ó sì máa ń wálẹ̀ gan-an, eosinophil àti ìbínú. Àwọn tó ṣáájú ọmọ yìí ò ṣìnà pátápátá nígbà yẹn.

Àmọ́ wàhálà méjì wà ńbẹ̀. Ọ̀kan: gíníì-pìgì máa ń ṣorí kunkun sí sítẹ́rọ́ìdì ju eku àti èkúté lọ, nítorí náà tó o bá gbé ìwọ̀n èkúté lọ fún gíníì-pìgì, o lè rò pé oògùn ò dáa. Ìkejì, tó sì dùn mí jù: dexamethasone ń pa nǹkan pọ̀. Gbogbo nǹkan ló ń tẹ̀ rì. Tó o bá rí i pé orógbó ṣe ìdajì ohun tí dexamethasone ṣe, o ò tíì mọ ọ̀nà tí orógbó gbà, bóyá ó gba ọ̀nà mast cell, bóyá ti leukotriene, bóyá ó kàn rọ ẹran ara bíi ti salbutamol. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó díẹ̀ kún un kó lo budesonide kí ẹranko fà á sínú, èyí jọ ohun tí èèyàn ń lò ju abẹ́rẹ́ lọ.

Níbi tí mo ti kan èèyàn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bọ́: ìnhélà aláwọ̀ búlúù nìkan kò tó fún alásímà, láti 2019 ni ìlànà àgbáyé fún ásímà tí wọ́n ń pè ní GINA ti sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe máa lo irú ẹ̀ láìfi sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń fà símú kún un. Ìdí ẹ̀ náà ló wà nínú ìlà mẹ́ta tí mo kọ sókè yẹn. Bó ṣe jẹ́ pé òun ló ń ṣiṣẹ́ kíá ni gbogbo wa ṣe fẹ́ràn ẹ̀, ní Kàbà níbí, kò sí kẹ́mísìtì tí o máa wọ̀ tí wọn ò ní kọ́kọ́ nawọ́ sí búlúù.

Montelukast, Piriton, àti ọ̀rọ̀ ẹranko

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn, torí pé kò sí oògùn tó dáa lásán níbí, ẹranko tó o bá mú ló máa pinnu ẹni tó máa borí.

Mú Piriton. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ara yíyún ni a ń lò ó fún. Lára gíníì-pìgì, histamine ni olórí ohun tó ń fún ọ̀nà èémí, nítorí náà tó o bá fún un ní chlorpheniramine (Piriton náà nìyẹn) tàbí mepyramine, tí wọ́n ń dí histamine, ṣáájú, o máa rò pé o ti rí oògùn ásímà tí ayé ń wá, ẹranko tó yẹ kó kú á kàn nu imú, á máa jẹ ewé lọ. Lára èèyàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ alásímà èyíkéyìí bóyá Piriton gbà á rí. Lára èkúté àti eku ńlá ẹ̀wẹ̀, serotonin ni mast cell wọn ń tú jáde tó ń fún ọ̀fun, histamine ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan níbẹ̀.

Mú montelukast náà. Leukotriene ló ń dí. Nǹkan yìí ní ìtàn, torí látọdún 1938 ni wọ́n ti ń rí i pé ohun kan ń fún ẹran ara díẹ̀díẹ̀ tí kì í tètè tú, kí Bengt Samuelsson, onímọ̀ ará Sweden, tó wá sọ ohun tó jẹ́ gan-an ní 1979, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ẹ̀dọ̀fóró gíníì-pìgì ń gbọ́ leukotriene bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ti èkúté ò fi bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí leukotriene bá bà á tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé montelukast ṣì ń dín eosinophil kù lára ẹ̀. Ká má rí i pé montelukast lágbára lára gíníì-pìgì ká rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lára èkúté. Oògùn tó dáa ni fún èèyàn o, wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 1998, tábúlẹ́ẹ̀tì ni, ó rọrùn fún ọmọdé, àmọ́ ní 2020 wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára páálí ẹ̀ níbẹ̀ nítorí àlá burúkú, ìrẹ̀wẹ̀sì àti èrò láti pa ara ẹni tó ń bá àwọn kan.

Wàyí o, tí a bá to ẹranko síwájú ara wọn:

Gíníì-pìgì ń há bí èèyàn ṣe ń há, ó sì ní híhá àkọ́kọ́, ìkejì àti ìbínú, èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn kéékèèké nìyẹn tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀fun. Wọ́n tiẹ̀ ti fi hàn lára ẹ̀ bí ìbínú ṣe ń dé: eosinophil máa ń kó jọ sídìí àwọn iṣan tó ń darí ọ̀nà èémí, purotéènì kan tí wọ́n ń tú jáde á lọ dí M2 receptor tó yẹ kó máa fa bírékì fún iṣan náà, bírékì bá já, acetylcholine, tó ń fún ọ̀nà èémí, bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láìdúró. Àléébù ẹ̀ ni pé ó lè kú lójú ẹ. Mo rí i. Mo ti ilẹ̀kùn àpótí, mo tan ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi funfun ẹyin, kò pé ìṣẹ́jú méjì ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ iwájú nu imú, ó ń nu ún lemọ́lemọ́ bí ẹni tí ata wọ̀ nímú, irun ẹ̀yìn ẹ̀ dìde, ó ń wúkọ́ bí ẹni fẹ́ bì, ètè ẹ̀ di búlúù, ó ṣubú ṣe ẹ̀gbẹ́. Mẹ́ta lọ lọ́jọ́ yẹn torí mi ò fún wọn ní mepyramine tó yẹ kí n fi bo ẹ̀mí wọn. Nígbà tí a là wọ́n, ẹ̀dọ̀fóró wọn kún bí bàlúù ọjọ́ ìbí, ó yọ síta kò sì rọ̀ bí ó ṣe yẹ kó rọ̀ tí a bá la àyà, afẹ́fẹ́ wọlé kò rí ọ̀nà jáde. Títí di òní mi ò gbàgbé.

Èkúté funfun, ìdílé BALB/c tí ọ̀pọ̀ ń lò, òun ni ẹran pírójẹ́ẹ̀tì tó rọrùn. Owó ẹ̀ kéré, antibody tó o bá fẹ́ fi wọn nǹkan lára ẹ̀ wà lọ́jà. Ohun tí púpọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fún un ní 20 máíkírógíráàmù purotéènì funfun ẹyin pẹ̀lú alum (nǹkan tó ń ta ara jí kó lè tètè kọ purotéènì náà) lábẹ́rẹ́ sínú ikùn ní ọjọ́ 0 àti ọjọ́ 14, kí ara ẹ̀ kọ́ láti kórìíra ẹ̀, kí wọ́n wá máa fọ́n ọn fún un ní ọjọ́ 28, 29 àti 30. Àléébù ẹ̀: èkúté kì í ní ásímà fúnra ẹ̀, ọ̀fun ẹ̀ kì í há tó ti gíníì-pìgì, tó o bá sì ń fọ́n ọn fún un títí, ara ẹ̀ á wá mọ́ ọn lára, á dẹ́kun bíbínú. Nítorí náà àwọn míì ti fi funfun ẹyin sílẹ̀, kòkòrò inú eruku ilé ni wọ́n ń kán sí i nímú, láìsí alum, èyí jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa ní ilé ju ẹyin lọ, ta ló tiẹ̀ ń fa ẹyin símú.

Eku ńlá Brown Norway wà, IgE ẹ̀, ìyẹn antibody tó ń mú kí ara kọ nǹkan, máa ń ga dáadáa, híhá kejì ẹ̀ sì hàn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí rírí i gan-an nìṣòro.

Àgùntàn ni ọkàn mi fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ àgùntàn ni ara wọn ti kọ aràn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ascaris suum fúnra wọn, láìsí abẹ́rẹ́ kankan, tí wọ́n bá sì fọ́n oje aràn náà fún un, híhá àkọ́kọ́ á dé, ìkejì á dé ní wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìbínú á wà ní ọjọ́ kejì. Ẹranko kan náà lo lè tún lò lẹ́yìn tó bá sinmi, o ò ní pa á, a jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ni kọ́ńtíróòlù ara ẹ̀. Àgùntàn pọ̀ ní ilẹ̀ wa níbí, láti Ìyàrà dé Ìsánlú wọ́n ń rìn gbéregbère, àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀fun ẹ̀ ni kò sí ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ ti tán.

Theophylline àti ketotifen, mi ò ní gùn lórí wọn. Theophylline ń rọ ẹran ara, ó sì ń mú wíwú rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ibi tó ti dáa àti ibi tó ti ń pani ò jìnnà síra wọn, 10 sí 20 mílígíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń wá látijọ́. Obì wa ní caffeine tó jẹ́ ìbátan ẹ̀, èyí ló fà á tí mo fi sọ fún ọmọ yìí pé kò gbọ́dọ̀ da obì mọ́ orógbó nínú pírójẹ́ẹ̀tì yìí o. Ketotifen dáa fún gíníì-pìgì nítorí ó jẹ́ ará ilé Piriton, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Abẹ́rẹ́ tuntun: ibi tí ẹranko ti tan àwọn ọ̀gá jẹ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ẹranko ń tàn. IL-5 ni nǹkan tó ń pe eosinophil jáde. Ní 1996 wọ́n mú èkúté C57BL/6 tí wọ́n ti yọ jíìnì IL-5 ẹ̀ kúrò, wọ́n fi funfun ẹyin bá a jà, eosinophil ò wá, ìbínú náà ò wá. Inú dùn. Lẹ́yìn náà àwọn kan ṣe irú ẹ̀ lára BALB/c, ìbínú dúró síbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé eosinophil ti lọ. Èkúté ni méjèèjì o, ìdílé ló yàtọ̀. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tó ń dí IL-5, èyí tí wọ́n ń pè ní mepolizumab báyìí, dé ọ̀dọ̀ èèyàn tí ásímà ẹ̀ ò le, àbájáde jáde ní 2000: eosinophil inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ tààrà, híhá kejì ò kúrò, ìbínú ò kúrò. Ọ̀pọ̀ ní ó ti kú nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá yan àwọn tí ásímà wọn le, tí eosinophil wọn pọ̀, tó ń gbé wọn dé ọsibítù léraléra, ó dín ìgbé-wọlé yẹn kù, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2015. Àwọn oògùn tó ń dí PAF, nǹkan míì tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, ò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà, wọ́n lágbára lára gíníì-pìgì, wọ́n dé ọ̀dọ̀ èèyàn wọn ò ṣe nǹkan kan, wọ́n sì gbé wọn tì.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé kíka eosinophil kì í ṣe wíwọn ìbínú. Ọmọ yìí ti fẹ́ fọ ẹ̀dọ̀fóró, ka sẹ́ẹ̀lì, kó sì kọ ọ́ pé orógbó dí ìbínú. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí o ò bá fún ẹranko ní methacholine, o ò tíì wọn ìbínú. Kódà bí o bá fún un, wo ẹ̀rọ tó o fi wọ̀n ọ́n: àpótí tí wọ́n máa ń ti èkúté mọ́ láìfún un lóògùn oorun, tí kọ̀ǹpútà á kàn máa jù nọ́ḿbà kan tí wọ́n ń pè ní Penh jáde, kì í ṣe híhá ọ̀fun ni nọ́ḿbà yẹn ń wọn ní tààrà, bí ẹranko ṣe ń mí náà ń dà á rú. Ó rọrùn, èmi náà ti lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè rí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀fun ṣe ń kọ̀ fún afẹ́fẹ́ ní tààrà, kó lo ìyẹn.

Ìgbà tí o fún un ńkọ́?

Èyí ni wọ́n máa ń fò jù. Tó o bá fún ẹranko ní oògùn kí ara ẹ̀ tó kọ́ láti kórìíra funfun ẹyin, ẹ̀kọ́ lo dí, kì í ṣe ìbínú. Tó o bá fún un kí o tó fọ́n ọn, o dí ìbínú. Tó o bá dúró kí ìbínú ti wọlé kó o tó fún un, ìwòsàn lò ń ṣe, ìyẹn sì ni alásímà tó wọlé sí ọsibítù nílò. Orógbó tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 0 kò tíì ṣe nǹkan kan fún ìyá mi tí àyà ẹ̀ ti ń súfèé ní àká.

Nítorí náà báwo la ṣe yàn án? Mo ní kó lo oògùn méjì, kó má lo ẹyọ kan: salbutamol fún híhá àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 15 kó tó fọ́n ọn, dexamethasone fún ìbínú tó máa wọ̀n lọ́jọ́ kejì, kí orógbó wá sọ fúnra ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wo lòun wà. Èèyàn tó bá ní èkúté, dexamethasone nìkan tó fún un, kó má tiẹ̀ dá ara ẹ̀ láàmú lórí cromolyn. Èèyàn tó bá ní eku ńlá àti nẹbuláísà, kó fi cromolyn kún un, ó tọ́ síbẹ̀. Montelukast, àfi tó bá jẹ́ gíníì-pìgì, tó sì ní ìdí kan tó fi rò pé leukotriene ni oògùn tuntun òun ń dí.

Ó ronú díẹ̀, ó ní òun á lo gíníì-pìgì, torí ohun tí mo sọ nípa pé wọ́n ń há bí èèyàn. Mo ní ó dáa, mepyramine wà lọ́wọ́ ẹ ṣá? Ó ní wọ́n máa rà á. Mo ní ewé tútù ńkọ́? Ó wò mí. Mo ní gíníì-pìgì ò lè ṣe fítámì C fúnra ẹ̀, bíi tiwa ló rí, tí o kò bá fún un ní ewé lójoojúmọ́ àìsàn míì ló máa kọ́kọ́ pa á kí ásímà tó dé, oṣù ọyẹ́ sì nìyí, ibo lo ti fẹ́ rí ewé? Ó ní kí n má ṣèyọnu, tẹ̀tẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ilé wọn, màmá òun ń bomi rin ín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ sọ fún màmá ẹ̀ pé eku ló fẹ́ máa fi tẹ̀tẹ̀ wọn bọ́.